Ọkàn Kan Nìkan Kò Tó

Bí ẹ bá fẹ́ pa ẹni tó ń ṣàròyé lẹ́nu mọ́ nínú ẹgbẹ́ èyíkéyìí, ẹ sáà sọ pé ó fẹ́ da ìṣọ̀kan rú. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ẹni tó ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ jókòó, ẹ ní kó ṣe sùúrù, kó máa fojú sọ́nà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí dùn létí, kò sì sí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìjọ tàbí mọ̀lẹ́bí tí wọn kì í ti í lò wọ́n. Láàrin àwọn Kristẹni, ibì kan ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá ń lò wọ́n: yàrá òkè ní Jerúsálẹ́mù, níbi tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Jésù kóra jọ sí pẹ̀lú ọkàn kan, tí wọ́n ń dúró de ohun tí a ṣèlérí fún wọn. Wọn á ní ẹ wo àwọn yẹn, wọn ò jà, wọn ò ta, wọ́n kàn dúró ni, ni Ẹ̀mí Mímọ́ bá bà lé wọn.

Èrò tèmi ni pé àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò ka ìtàn náà tán. Ìṣọ̀kan àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti àwọn tí kò sí ìyàtọ̀ láàrin wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìfojúsọ́nà wọn kì í ṣe ti àwọn tó káwọ́ lẹ́rán. Ohun kan wà tí a lè fi dán méjèèjì wò: ṣé àwọn tó ń dúró de Olúwa ń dúró de ara wọn? Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, yálà Kristẹni ni yín tàbí ẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a jọ tún ìtàn náà kà bí a ṣe ń ka ìwé ní kíláàsì. Kí a wo àwọn tó wà níbẹ̀, kí a wo ohun tí wọ́n ṣe, kí a sì wo ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé yàn láti fi sọ ọ́.

Àwọn tó wà nínú yàrá náà

Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sọ pé 40 ọjọ́ ni Jésù fi ń fara han àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́yìn àjíǹde. Ó pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe kúrò ní Jerúsálẹ́mù títí ìlérí Baba yóò fi dé. Nígbà tó gòkè lọ tán, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Ólífì padà sí ìlú, ìrìn tí kò ju bíi kìlómítà kan lọ, wọ́n sì gun yàrá òkè kan lọ. Iye gbogbo àwọn tó pé jọ nígbà náà tó 120.

Ẹ má rò pé àwọn 120 tí kò ti ṣẹ ara wọn rí ni. Pétérù wà níbẹ̀, ẹni tó sẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóru ọjọ́ tí wọ́n mú un. Tọ́másì wà níbẹ̀, ẹni tó ní òun kò ní gbà gbọ́ àfi bí òun bá fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́. Jákọ́bù àti Jòhánù wà níbẹ̀, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ti tọrọ ìjókòó ọwọ́ ọ̀tún àti ti ọwọ́ òsì, tí àwọn mẹ́wàá yòókù sì tìtorí rẹ̀ bínú sí wọn. Mátíù ti ṣe agbowó-orí rí, iṣẹ́ tí àwọn ará ìlú rẹ̀ kórìíra. Símónì ń jẹ́ Sélótì, ìyẹn onítara, orúkọ tí kò bá ti agbowó-orí rẹ́. Àwọn arákùnrin Jésù náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ìhìn Rere Jòhánù jẹ́ ká mọ̀ pé ìgbà kan wà tí wọn kò gbà á gbọ́. Màríà ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, àti àwọn obìnrin mìíràn. Ẹ rántí pé àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ mú ìròyìn wá láti ibojì, tí àwọn ọkùnrin sì kà á sí ìsọkúsọ.

Ẹ fojú inú wo bí ìjókòó náà yóò ṣe rí. Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ láàrin wọn tó láti tú wọn ká kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ilé tí a bá rí tó tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà. Àwọn wọ̀nyí kò wà pọ̀ nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ láàrin wọn. Ohun tí wọ́n ń retí ló so wọ́n pọ̀, ó sì tóbi ju ohun tí olúkúlùkù wọn fi ń bínú lọ.

Wọ́n ní iṣẹ́ lọ́wọ́

Wọn kò sì mọ ọjọ́ tí yóò dé. Jésù ní kò ní pẹ́, kò sọ ọjọ́ mélòó. Àwa tí a ń kà á lẹ́yìn ló mọ̀ pé nǹkan bí ọjọ́ 10 ni, nítorí pé ọjọ́ 50 lẹ́yìn Ìrékọjá ni àjọ̀dún Pẹ́ńtíkọ́sì máa ń bọ́ sí. Ẹni tó wà nínú yàrá náà lọ́jọ́ kẹrin kò mọ̀ bóyá ọ̀la ni tàbí ọdún tó ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni tó wà ní yunifásítì ìjọba lọ́dún 2022, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ASUU bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kejì tí a kò sì wọ kíláàsì títí oṣù Kẹwàá fi dé, mọ ohun tí irú ìdúró bẹ́ẹ̀ máa ń fi ojú ènìyàn rí.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n gbàdúrà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àdúrà nìkan. Pétérù dìde, ó sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ tí kò rọrùn láti sọ: ọ̀rọ̀ Júdásì. Ọ̀kan lára wọn ló da Jésù. Ó ti jẹ, ó ti mu pẹ̀lú wọn, ó ní ìpín nínú iṣẹ́ náà, àyè rẹ̀ sì ti ṣófo. Wọn kò ṣe bí ẹni pé mọ́kànlá pé méjìlá. Wọ́n fi ìlànà lélẹ̀ pé ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti bá wọn rìn láti ìgbà ìrìbọmi Jòhánù títí di ọjọ́ tí Jésù gòkè lọ. Wọ́n mú ẹni méjì síwájú, Jósẹ́fù tí wọ́n ń pè ní Básábà, àti Mátíásì. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ṣẹ́ kèké, kèké mú Mátíásì.

Bí a bá wò ó dáadáa, ìpàdé ẹgbẹ́ ni wọ́n ṣe yẹn. Wọ́n jẹ́wọ́ pé nǹkan bàjẹ́, wọ́n ní ìlànà tí gbogbo ènìyàn gbọ́, wọ́n sì yan ènìyàn lójú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ń retí àlejò pàtàkì kì í jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó máa wo ojú títì. Yóò gbálẹ̀, yóò tún àga tó kán ṣe. Àga kan ti kán láàrin wọn, wọ́n sì tún un ṣe kí ẹni tí wọ́n ń retí tó dé. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ká má tíì sọ̀rọ̀ nípa owó ẹgbẹ́ tó sọnù nítorí pé a ń dúró de ọlọ́run láti dá sí i, kó má fi yàrá òkè ṣe ẹlẹ́rìí.

Ọkàn kan, èdè púpọ̀

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì gan-an yẹ kó dùn mọ́ àwa tí a ń kọ́ èdè. Àwọn Júù àti àwọn aláwọ̀ṣe wá sí Jerúsálẹ́mù láti ibi púpọ̀. Òǹkọ̀wé náà kà wọ́n lẹ́sẹẹsẹ: àwọn ará Pátíà, Mídíà àti Élámù, àwọn ará Mesopotámíà, Kapadókíà, Pọ́ńtù àti Éṣíà, àwọn ará Íjíbítì àti Líbíà níhà Kírénè, àwọn àlejò láti Róòmù, àwọn ará Kírétè àti Arébíà, àti àwọn mìíràn. Ẹnu sì yà wọ́n pé olúkúlùkù ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní èdè abínibí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Bó bá ṣe pé ìṣọ̀kan túmọ̀ sí kí gbogbo wa rí bákan náà, ohun tó rọrùn jù ni kí gbogbo àwọn tó pé jọ náà gbọ́ èdè Árámáíkì àwọn ará Gálílì lójijì. Tàbí kí wọ́n lo Gíríìkì nìkan, èdè tí púpọ̀ nínú wọn ti ń fi tà tí wọ́n sì ń fi rà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè ará Pátíà kò parẹ́, ti ará Íjíbítì kò parẹ́. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ bá ẹni tó ń gbọ́ ní ilé èdè rẹ̀. Ọjọ́ tí a sábà máa ń pè ní ọjọ́ ìbí ìjọ Kristẹni, ọjọ́ tí wọ́n sọ onírúurú èdè ni. Nǹkan bí 3,000 ènìyàn ni a fi kún wọn lọ́jọ́ náà, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ lọ gbàgbé èdè ìyá rẹ̀. Ìṣọ̀kan tó bá ní kí ẹnìkan pa ohùn rẹ̀ tì kó tó lè wọlé, kì í ṣe ti ọjọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan tó yẹ ká ṣọ́ra fún

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí Samuel Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú wọn, lo "ọkàn kan" fún bí àwọn tó wà nínú yàrá náà ṣe gbàdúrà. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀ ni homothumadon. Apá kìíní rẹ̀ túmọ̀ sí pé nǹkan jẹ́ ọ̀kan náà tàbí wà pọ̀. Apá kejì ni thumos, ìyẹn ìgbóná ọkàn, tó tún lè jẹ́ ìbínú. Nínú gbogbo Májẹ̀mú Titun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì nìkan ni a ti rí ọ̀rọ̀ yìí. Ibì kan péré ló tún ti jáde, nínú lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù.

Ibi tí òǹkọ̀wé Ìṣe tún ti lò ó ló yẹ kó dá wa dúró. Ó lò ó fún àwọn tó ń gbàdúrà ní yàrá òkè. Ó tún lò ó fún àwọn tó rọ́ lu Sítéfánù, tí wọ́n fà á jáde sẹ́yìn ìlú, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní òkúta pa. Ó lò ó fún èrò tó ń pariwo ní Éfésù, tí wọ́n ya wọ gbàgede ìṣeré, tí púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ mọ ìdí tí wọ́n fi péjọ. Ó lò ó fún àwọn tó wọ́ Pọ́ọ̀lù lọ síwájú gómìnà Gálíò ní Kọ́ríńtì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, ọkàn kan nìkan kò tó. Àwọn jàǹdùkú náà lè ní ọkàn kan. Àwọn tó sọ Sítéfánù ní òkúta kò ní ẹnìkankan láàrin wọn tó yapa, ìpàdé wọn wà ní ìṣọ̀kan pátápátá. Ìbéèrè tó kù ni pé kí ni ọkàn kan náà ń retí, àti pé ta ló ń jìyà rẹ̀? Ìgbàkígbà tí a bá ń yin ẹgbẹ́ kan pé ẹnu wọn kò, ó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí.

Ẹjọ́ àwọn opó

Ta ni Sítéfánù tí wọ́n pa yìí? Ọ̀kan lára àwọn méje tí ìjọ yàn láti yanjú àròyé ni. Ní Jerúsálẹ́mù, àwọn onígbàgbọ́ ń fi ohun ìní wọn ran ara wọn lọ́wọ́. Jósẹ́fù tí wọ́n sọ ní Bánábà, ọmọ Léfì láti Kípúrù, ta ilẹ̀ rẹ̀, ó sì kó owó náà wá. Wọ́n máa ń pín oúnjẹ fún àwọn opó lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n àwọn Júù tó ń sọ Gíríìkì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àwọn opó tiwọn ni wọ́n ń fo dá, pé ti àwọn tó ń sọ èdè Hébérù nìkan ni wọ́n ń rí. Èdè ló tún wà nídìí ọ̀rọ̀ náà o.

Ó rọrùn kí àwọn àpọ́sítélì sọ pé ẹ má da ìṣọ̀kan rú, pé Olúwa fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, pé kí ni oúnjẹ tí ẹ̀ ń torí rẹ̀ pariwo. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pe gbogbo ìjọ, wọ́n gbà pé iṣẹ́ náà ju ọwọ́ àwọn lọ, wọ́n sì ní kí ìjọ fúnra rẹ̀ yan ọkùnrin méje tí wọ́n ní orúkọ rere. Àwọn tí wọ́n yàn ni Sítéfánù, Fílípì, Prókórù, Nikánórù, Tímónì, Páménà àti Níkólásì ará Áńtíókù, ẹni tí kì í tilẹ̀ ṣe Júù láti ìbí. Gbogbo orúkọ méjèèje, orúkọ Gíríìkì ni. Ó jọ pé ìhà tó ń ráhùn gan-an ni wọ́n gbé ìpín oúnjẹ náà lé lọ́wọ́. Ìwé náà sì sọ pé lẹ́yìn èyí ni iye àwọn ọmọ-ẹ̀yìn tún pọ̀ sí i ní Jerúsálẹ́mù. Ìráhùn àwọn opó kò tú ìjọ ká. Gbígbọ́ tí wọ́n gbọ́ ọ ni kò jẹ́ kó tú ká.

Àwọn tó gbàgbé ara wọn nítorí ìrètí

Ìdúró náà gùn ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì, ohun tí wọ́n tún ń retí ni ìpadàbọ̀ Olúwa, ọdún sì ń gorí ọdún. Ní nǹkan bí ọdún 50, Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Tẹsalóníkà. Ọkàn wọn dàrú nítorí pé àwọn kan ti kú kí ọjọ́ náà tó dé. Ó tù wọ́n nínú, ó sì ní kí wọ́n máa fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́. Nínú lẹ́tà kejì sí wọn, ọ̀rọ̀ náà le sí i: àwọn kan ń rìn kiri láìṣiṣẹ́, wọ́n ń tojú bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ìdáhùn tí wọ́n rí gbà ni pé ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́, kí ó má retí oúnjẹ. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí kò fẹ́ ni ó bá wí, kì í ṣe ẹni tí kò rí.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Kọ́ríńtì. Lẹ́tà kìíní Pọ́ọ̀lù sí wọn parí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Árámáíkì kan tó fi sílẹ̀ láìtúmọ̀ sí Gíríìkì: maranatha. A lè túmọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀bẹ̀ pé kí Olúwa máa bọ̀. Àwọn ará Kọ́ríńtì tí wọ́n ń sọ Gíríìkì ní láti mọ̀ ọ́n, nítorí kò ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ọ̀rọ̀ ìdúró ni, ó ti ẹnu àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ tó ń sọ Árámáíkì wá, wọ́n sì gbé e dé òkè òkun.

Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà yìí kan náà, Pọ́ọ̀lù bá wọn wí gan-an nítorí oúnjẹ alẹ́ tí wọ́n ń jẹ pọ̀ ní ìrántí Olúwa. Àwọn kan á ti jẹ, wọn á ti mu yó, nígbà tí ebi ń pa àwọn mìíràn, tí wọ́n sì dójú ti àwọn tí kò ní. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ nípa lẹ́tà yìí gbà pé àwọn olówó ló ń tètè dé, tí àwọn ẹrú àti àwọn alágbàṣe sì ń dé lẹ́yìn iṣẹ́. Ìlànà tí Pọ́ọ̀lù fún wọn kò ṣòro rárá. Ó ní nígbà tí wọ́n bá péjọ láti jẹun, kí wọ́n dúró de ara wọn.

Ibi tí mo ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tí wọ́n ń fi gbogbo ẹnu bẹ Olúwa pé kó máa bọ̀, wọn kò lè fi wákàtí kan dúró de ẹni tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Pọ́ọ̀lù kò rí ìdúró méjèèjì bí ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí kò lè dúró de arákùnrin rẹ̀ nídìí oúnjẹ, kí ló fi hàn pé ó ń dúró de Olúwa?

Bí ẹnìkan bá ní àsọdùn ni

Ẹnìkan lè sọ pé òǹkọ̀wé Ìṣe fi ọ̀dà kun ìtàn náà, pé kò sí ìjọ tó dára tó bí ó ṣe sọ pé gbogbo nǹkan jẹ́ ti àjọni. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ níbì kan. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé yìí kan náà ló sọ fún wa nípa Ananíà àti Sáfírà, tọkọtaya tó parọ́ lórí iye owó ilẹ̀ tí wọ́n tà, bẹ́ẹ̀ Pétérù ti sọ fún ọkọ pé ilẹ̀ rẹ̀ ni, kò sí ẹni tó fipá mú un tà á. Òun ló sọ fún wa nípa àwọn opó. Òun ló sọ pé lẹ́yìn ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣe ní Jerúsálẹ́mù ní nǹkan bí ọdún 49, tí ìwé tí wọ́n kọ níbẹ̀ sì ní àwọn fẹnu kò pẹ̀lú ọkàn kan, kò pẹ́ tí Pọ́ọ̀lù àti Bánábà fi jà nítorí Jòhánù Máàkù, tí oníkálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kun nǹkan lọ́dà kì í fi irú èyí sílẹ̀. Ìṣọ̀kan tó ń yìn ni èyí tó lè gbọ́ ẹjọ́ kó má sì kú.

Ẹlòmíràn á ní tí a bá fàyè gba gbogbo ìráhùn, a ò ní lọ síwájú. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ìráhùn ló tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí a ò bá gbọ́ ọ, báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tó tọ̀nà?

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà ní kíláàsì, àti ẹ̀yin tí ẹ ti jáde tí ẹ̀ ń darí ẹgbẹ́, ìjọ tàbí ibi iṣẹ́ níta, ìpàdé tó ń bọ̀ kò ní pẹ́ dé mọ́. Ẹnìkan á dìde láti sọ ohun tí kò dùn létí. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ìṣọ̀kan pa á lẹ́nu mọ́, kó kọ́kọ́ ka iye àwo tó wà lórí tábìlì, kó wo ẹni tí oúnjẹ kò kàn, kó sì bèèrè ẹni tí kò tíì dé. Bí a bá rí i pé ẹnìkan kù, ẹ jẹ́ ká dúró dè é.